Irú Jẹnẹrétọ̀ Wo Ló Yẹ Ọmọlúàbí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Nígbà tí àwọn baba wa ń pa òwe yìí, kò sí jẹnẹrétọ̀ ní àdúgbò wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oòjíire tó ń gbé Minna, ẹ bá wa dá a: hẹ̀rẹ̀huru kí ni kì í jẹ́ kí a sùn láyé òde òní?

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́dún yìí kò le: bí ènìyàn bá fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀, èwo ló yẹ kó rà? Ọ̀pọ̀ wa rò pé olójà àti rìwáyà ló yẹ kí a bi. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà rò nígbà kan. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí ti kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ ìwà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan.

A kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ ṣanwọ́. Àmọ́ ohun tí àwa ará Ìpínlẹ̀ Niger ń ṣe gan-an nìyẹn. 'Power State' ni wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ yìí, èyíinì ni ìpínlẹ̀ tí agbára iná ti ń wá. Ìdídò Kainji ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọdún 1968, agbára rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 760. Jebba tẹ̀lé e. Shiroro tó sún mọ́ wa bẹ̀rẹ̀ ní 1990 pẹ̀lú mẹ́gáwáàtì 600. Zungeru náà ti dé báyìí. NEPA di PHCN ní 2005, wọ́n sì ta á fún àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni ní 2013. Orúkọ ń yí padà, òkùnkùn kò ṣìnà ilé wa. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Àríwá ló wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀ nítorí àwọn tó ba wáyà iná jẹ́. Nítorí náà, a kò ní bá ẹnikẹ́ni wí pé ó ra jẹnẹrétọ̀. Irú èyí tí a rà àti bí a ṣe ń lò ó ni ọ̀rọ̀ wà.

OHUN TÓ WÀ LỌ́JÀ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ to ọjà kalẹ̀. Èyí tó kéré jù ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí 'I better pass my neighbour', èyíinì ni 'Mo sàn ju aládùúgbò mi lọ'. Okùn la fi ń fà á. Epo pẹtiróòlù tí a po ọ́ìlì mọ́ ló ń mu. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi wáàtì 650 lọ. Ó lè gbé gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, kíá ló máa kú. Nítorí pé ọ́ìlì ń jó pọ̀ mọ́ epo nínú rẹ̀, èéfín rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ.

Èyí tó tẹ̀lé e ni onípẹtiróòlù tí ọ́ìlì rẹ̀ ní ààyè ọ̀tọ̀, bíi 2.5 kVA sí 5 kVA. Ó lè gbé fíríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ẹ rántí pé fíríìjì máa ń bèèrè ju agbára tó ń lò lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Ẹ má ra ẹ̀rọ tó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ẹ fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀.

Onídísù wúwo, ó sì gbówó lórí, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́. Òun ló yẹ ilé iṣẹ́, ilé ìjọsìn àti ilé ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nínú àpótí tó ń bo ariwo mọ́lẹ̀. Àmọ́ ariwo tó dínkù kò ní kí èéfín dínkù. Ní ọdún 2012, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé èéfín dísù ń fa àrùn náà.

Àwọn mìíràn ti ń lo gáàsì ìdáná nínú ẹ̀rọ pẹtiróòlù, mẹkáníìkì ló ń bá wọn tún kabúrétọ̀ rẹ̀ ṣe. Ìkẹyìn ni ínfátà oníbátìrì àti sólà tó ń lo oòrùn. Ìyẹn kò pariwo, kò sì rú èéfín, ṣùgbọ́n owó tí a óò kọ́kọ́ kó sílẹ̀ pọ̀. Àwọn tó ń ṣírò owó ti rí i pé ọ̀rọ̀ yí padà láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Líta pẹtiróòlù tí kò tó 200 náírà ní ilé epo tẹ́lẹ̀ fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ju 1,000 lọ.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó nìkan ni, ibí ni à bá ti dúró. Kálukú ì bá ṣírò tirẹ̀, kó sì lọ sọ́jà.

ÒRU ỌJỌ́ KAN

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2006, ilé oníyàrá-kojú-síra ni à ń gbé ní agbègbè Bosso. Ìdílé mẹ́jọ ni wá níbẹ̀: Yorùbá, Nupe, Gbagyi àti Ìgbò. Ìdíje bọ́ọ̀lù Áfíríkà ń lọ lọ́wọ́ ní Íjíbítì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra 'Mo sàn ju aládùúgbò mi lọ' ni, inú wa sì ń dùn. Lóòótọ́, a sàn ju àwọn aládùúgbò wa lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, nítorí yàrá tiwa nìkan ló ní ìmọ́lẹ̀.

Àwọn olè ń jí jẹnẹrétọ̀ gbé nígbà náà. Nítorí èyí, a gbé tiwa wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì ti ilẹ̀kùn ìta. Ọyẹ́ mú gan-an, gbogbo ilé ló ti fèrèsé pa. Bọ́ọ̀lù parí, oorun gbé wa lọ, a kò pa ẹ̀rọ.

Yàrá tó kojú sí tiwa ni ìdílé Nupe kan ń gbé. Iṣẹ́ ọdẹ alẹ́ ni ọkọ ń ṣe. Nígbà tó dé ní ìdájí, ó kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó fi èjìká já a. Ìyàwó rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ti gbìyànjú láti dìde kò lè ṣe é. Àwọn ọmọ mẹ́ta ti bì sórí ẹní, èyí tó kéré jù kò lajú mọ́. Igbe rẹ̀ ló jí wa. Orí tiwa náà ń fọ́ bí ẹni pé wọ́n fi òòlù lù ú.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, gbogbo wọn yè. Dókítà ló wá là wá lójú. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹni tó bá ń sùn kò ní mọ̀ títí tí yóò fi sùn lọ pátápátá.

A lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin náà. A rò pé yóò bú wa, tàbí kó pe ọlọ́pàá. Ó kàn wò wá, ó sì sọ ní èdè Hausa pé: "Baba, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Èéfín rẹ̀ nìkan ló dé." Ó lé ní ogún ọdún báyìí, a kò tíì rí èsì fún ọ̀rọ̀ yẹn.

"OWÓ MI NI MO FI RÀ Á"

Ọ̀rọ̀ tí a sábà ń gbọ́ nìyí bí ẹnì kan bá ráhùn nípa jẹnẹrétọ̀: "Owó mi ni mo fi rà á, inú ọgbà mi ló wà." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀ ń san owó epo. Ta ló ń san owó ariwo? Ta ló ń san ti èéfín? Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé tọ olówó, ìdọ̀tí rẹ̀ ń jáde lọ bá aládùúgbò. A jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ kọ́ la fi owó wa rà. Aládùúgbò bá wa dá nínú rẹ̀, a kò sì bi í.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣé kí tálákà wá jókòó sínú òkùnkùn ni?" Rárá o. A kò lè sọ fún aránṣọ tó ń wá owó ilé ìwé ọmọ pé kó lọ ra sólà. Onídìrí, ẹni tó ń ta omi tútù, ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC, gbogbo wọn nílò iná. Ìwọ̀n agbára ẹni ni ojúṣe ẹni. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká ẹ̀rọ tí kò pariwo, tó wá lọ ra aláriwo nítorí pé òun fẹ́ fi owó yòókù ṣe ayẹyẹ, ẹ̀bi tirẹ̀ pọ̀ ju ti aránṣọ lọ. Ṣùgbọ́n aránṣọ náà kò bọ́ pátápátá. Kò ná an ní kọ́bọ̀ láti gbé ẹ̀rọ jìnnà sí fèrèsé ẹlòmíràn, àti láti pa á nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ra onídísù nínú àpótí. A mọ ilé ńlá kan ní ìlú yìí tí ariwo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kò ju ti fíríìjì lọ bí ẹ bá wà ní pálọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ògiri ni wọ́n yọ ẹnu sàlẹ́ńsà sí, ó sì kọjú sí ilé ìdáná obìnrin kan tó ń ta kókó. Oníkókó ń mí èéfín ohun tí kò mọ iye rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ọjà nìkan kọ́ ló ń sọ jẹnẹrétọ̀ di rere tàbí búburú. Ẹ wo ibi tí ẹnu rẹ̀ kọ sí.

Ẹ̀RỌ ÀJÙMỌ̀NÍ

Lẹ́yìn òru yẹn, ìdílé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pe ìpàdé. A dá owó bí ẹní dá àjọ, a ra ẹ̀rọ 5 kVA kan, a gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, a kọ ẹnu rẹ̀ sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sí. Agogo méje sí mẹ́wàá alẹ́ ni a fẹnu kò sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ aṣọ. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà ló dákẹ́ nínú ilé wa lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi dé. Obìnrin opó kan tó wà ní yàrá ìpẹ̀kun kò lè san owó epo mọ́. Àwọn kan ní kí a gé wáyà rẹ̀, torí pé ẹni tí kò dáwó kò gbọdọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá gbà fún ẹnì kan, àwọn yòókù yóò di ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ náà gbóná. Ọkùnrin Nupe yẹn kan náà ló tún sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ lè gé ariwo rẹ̀ kúrò ní yàrá obìnrin náà?" Gbogbo wa dákẹ́. Ó ní, "Bí ẹ kò bá lè gé ariwo, ẹ má gé iná." A fún opó náà ní gílóòbù kan àti ààyè láti fi iná sí fóònù. Àwa yòókù fi díẹ̀ kún tiwa.

A kò ní parọ́ fún yín pé ẹ̀rọ náà pẹ́ títí. Kò lò ju ọdún mẹ́ta lọ. Nítorí pé ti gbogbo wa ni, ẹnikẹ́ni kò rántí pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa mójú tó o, kó ní ìwé lọ́wọ́, kí ẹ sì fún un ní owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìfẹ́ nìkan kì í pààrọ̀ ọ́ìlì. Láti 2023 ni àwa ti gba owó kòpéréétíìfù, a fi ra páńẹ́ẹ̀lì díẹ̀ àti bátìrì, wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù wa. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣì wà nílé fún ìgbà òjò tí oòrùn bá fara pamọ́. Ìta ló ń sùn, a fi ṣéènì dè é mọ́ òpó.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Bí gílóòbù àti fáànù bá tó wa, kí ni a fẹ́ fi èyí tó ń gbọn ògiri ṣe? Èkejì, ta ni yóò gbọ́ ọ, ta ni yóò sì mí i? Ẹ dúró ní ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí, kí ẹ wo fèrèsé ta ni ojú yín bá. Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè dé ibi tí ariwo rẹ̀ ń dé? Bí kò bá tilẹ̀ lè dé ibẹ̀ lálaalẹ́, ó lè dé ibẹ̀ nígbà tí ọmọ aládùúgbò bá ń ka ìwé ìdánwò, tàbí nígbà tí wọ́n bá ní aláìsàn.

Àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú wa nílẹ̀ yìí, bí a tilẹ̀ ti bímọ, tí a sì ti kọ́lé síbẹ̀. Àwọn ará ibí kò ní fi ìwé ìtàn Odùduwà mọ irú ènìyàn tí a jẹ́. Ohun tó ń ti ọgbà wa jáde ni wọ́n fi ń mọ̀ wá. Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ wa: jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn wa, ẹ lọ wo ibi tí ẹnu rẹ̀ kọ sí lálẹ́ ọjọ́ tí a bá ń ṣe ìnáwó títí di òwúrọ̀. Àwọn ọmọ ń sùn lẹ́yìn ògiri yẹn.

Olódùmarè yóò jẹ́ kí iná ìjọba dúró lójú wa. Kó tó dé, kó má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wa di òkùnkùn fún ẹlòmíràn. Àmín.