Àlùwàlá Nínú Ọyẹ́

Nígbà tí bàbá mi fẹ́ mú mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ oníbọ́dìn lẹ́bàá òkè Kufena, lẹ́yìn ìlú Zaria, àwọn àgbà ìjọ wa ní Sabon Gari kìlọ̀ fún un. Wọ́n ní ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, pé ọmọ díákónì tó bá ń sùn láàárín Mùsùlùmí yóò gbàgbé Ọlọ́run bàbá rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ni bàbá mi. Ó gbọ́ wọn tán, ó dúpẹ́, ó sì ra garawa àti àpótí onírin fún mi.

Ìbéèrè wọn kò tíì kúrò lọ́kàn mi: ṣé gbígbé pẹ̀lú ẹlẹ́sìn mìíràn a máa ba ìgbàgbọ́ ọmọ jẹ́?

Nílé, àdúrà òwúrọ̀ kì í ṣe tèmi. Bàbá á lu agogo, gbogbo wa á kúnlẹ̀. Bí mo bá tòògbé, ìyá mi á fi ìgúnpá gbún mi níhà. Ní ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ Katsina kan ló ń sùn sí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, èmi wà lókè. Ọyẹ́ Zaria kì í ṣe ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ o: ètè á là, omi tó bá sun ìta mọ́jú kì í ṣeé fọwọ́ kàn. Inú òtútù yẹn ni ọmọkùnrin yìí ti ń jí, láìsí agogo, láìsí bàbá, á ṣe àlùwàlá, á kírun àsùbáà. Kò wàásù fún mi rí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbọ́ ìró omi rẹ̀ ni mò ń bi ara mi léèrè pé, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò mí yìí, ta ni èmi ń sìn? Ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí. Kristẹni ni mo kúnlẹ̀, Kristẹni ni mo dìde. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, èmi ni mò ń jí i fún sàárì.

Irú àjọgbé yìí kì í ṣe tuntun ní Zaria. Yakubu Gowon tó di olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, ajíhìnrere Church Missionary Society (CMS) ni bàbá rẹ̀, ní Wusasa lẹ́bàá Zaria ni wọ́n sì ti tọ́ ọ. Barewa ló ti kàwé, ilé-ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Katsina ní 1921, tó lọ sí Kaduna ní 1938, tó sì dé Zaria ní 1949. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀ Gowon tó jáde níbẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ àdúrà Nigeria Prays sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti kúrò lórí àlééfà.

Kí ni àjọgbé náà wá mú jáde? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Murtala Muhammed, ọmọ Barewa bíi Gowon, ló rọ́pò Gowon nígbà tí àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1975. Ní oṣù kẹta 1987, rògbòdìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní Kafanchan dé Zaria, wọ́n sì dáná sun ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà mi ò ní sọ pé yàrá kan náà ń sọ ènìyàn di ẹni rere. Ohun tó ń ṣe le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń gba àwáwí lẹ́nu wa. Èmi tí mo gbọ́ àlùwàlá ọ̀rẹ́ mi nínú ọyẹ́ kò lè dúró níwájú Ọlọ́run lọ́la kí n ní mo ṣebí kèfèrí ni. Ẹni tí Kristẹni jí fún sàárì náà kò lè ní òun kò mọ irú ẹni tó ń jọ́sìn nínú ilé tí wọ́n ń sun.

Ẹ̀rù tó ba àwọn àgbà wa nígbà náà kọ́ ló yẹ kó bà wá báyìí. Ní oṣù kẹfà 2021, àwọn ajínigbé wọ Nuhu Bamalli Polytechnic ní Zaria. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún kan náà, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 100 lọ ní Bethel Baptist High School, ní ìpínlẹ̀ Kaduna kan náà. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá rí àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ oníbọ́dìn, ẹ lọ wo odi ọgbà, ẹ béèrè àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lóru, ẹ wo kànga àti ilé ìdáná. Ẹ̀sìn àwọn tí wọn yóò jọ sun yàrá kan náà kò yẹ kó dá a dúró sílé.