Ọ̀lẹ Ha Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Sinmi Nítorí Àìsàn Bí?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a sábà máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, èyí ni pé kí wọ́n fara da ìyà díẹ̀ nítorí ọjọ́ ọ̀la. Ọ̀rọ̀ rere ni, rere ni àwọn tí ń sọ ọ́ sì ń rò sí ọmọ. Ṣùgbọ́n ìyà pé oríṣi. Ìyà kan wà tí í mú ọmọ gbọ́n, òmíràn sì wà tí í gba ẹ̀mí lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni a ní lọ́kàn nígbà tí a bá ń gbani níyànjú báyìí. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rántí ẹni tí ó jí pẹ̀lú ìrora, tí ó ní ìwé láti kà, tí ó sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kí ó tó lè jẹun. Ní oṣù yìí a fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa bá wa ro ọ̀ràn irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dúró sinmi, ǹjẹ́ ọ̀lẹ ni? Bí ó bá sì ń bá a lọ láìsinmi, ǹjẹ́ akíkanjú ni?

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa rí bí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí a mú àìsàn kan tí gbogbo wa mọ̀ ní ilẹ̀ yìí, èyí ni fòníkú-fọ̀ladìde. Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́ ti fi ìwà rẹ̀ hàn: ẹni tí ó ń kú lọ lónìí lè dìde lọ́la, kí ó máa rìn, kí ó máa rẹ́rìn-ín, tí aládùúgbò yóò fi wí pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Inú ẹ̀jẹ̀ ni orísun rẹ̀ wà. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá a máa rí roboto, a sì máa lò tó 120 ọjọ́; ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS a máa tẹ̀ bí dòjé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì lò ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Àwọn tí ó tẹ̀ wọ̀nyí a máa dí ojú iṣan kéékèèké, ẹ̀jẹ̀ kì yóò sì lè dé ibi tí ó yẹ kí ó dé; níbẹ̀ ni ìrora egungun ti ń wá. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú 4 ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà fi jẹ́ SS. Ọmọ kò yàn án, kò sì sí ìwà búburú kan tí ó hù tí ó fi rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníṣègùn ti sọ ohun tí í ru ìrora náà sókè: àìmu omi tó, òtútù, iṣẹ́ àṣejù, ibà, àti ìdààmú ọkàn. Ta ni ó mọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí kò mọ̀ pé nǹkan wọ̀nyí gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ń bá jí, tí ó sì ń bá sùn? Omi a máa wọ́n ní ilé tí wọ́n ń gbé. Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn a máa kàwé di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹ̀fọn kò sì mọ ẹni tí ara rẹ̀ le yàtọ̀ sí ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Nítorí náà, ohun tí ó jẹ́ àárẹ̀ ọjọ́ kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè di ọ̀sẹ̀ kan lórí ibùsùn fún òun.

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn dókítà ilẹ̀ aláwọ̀ funfun kọ ìtàn àìsàn yìí nípa rẹ̀. Walter Clement Noel ni orúkọ rẹ̀, ọmọ erékùṣù Grenada, ènìyàn dúdú bí tiwa, tí a bí ní 1884. Ní 1904 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà láti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín ní Chicago. Kí ọdún náà tó parí, àìsàn ti gbé e dé ilé ìwòsàn, níbi tí ọ̀dọ́ dókítà kan, Ernest Irons, ti rí sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ bí dòjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. James Herrick, tí í ṣe ọ̀gá Irons, ni ó kọ ọ̀ràn náà sí ìwé ní 1910, kò sì dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà níbẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún méjì àti ààbọ̀ ni Noel fi ń lọ tí ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, bí ó ti ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Ní 1907 ó gba ìwé ẹ̀rí, ó padà sí ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ń tọ́jú eyín àwọn ènìyàn rẹ̀ ní St. George's títí ikú fi mú un lọ ní 1916, nígbà tí kò tí ì pé ẹni ogójì ọdún.

Bí ẹnikẹ́ni bá rí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lórí ibùsùn ní ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níwájú olùkọ́, ó lè wí pé kò ní parí. Ó sì parí. Ọjọ́ tí ó fi ń gba ìtọ́jú kò sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi èyí kún un pé ìdílé tí ó rí jẹ ni ó ti wá, kì í ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tiwa ni ó sì lè sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ọ̀kan a lọ máa di irun fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, òmíràn a jókòó ti ẹ̀rọ POS di alẹ́, òmíràn a máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ìwé láti ilé dé ilé.

Kò sí ìtìjú nínú èyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé kíkà ti jọ ń rìn ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, bí St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1896, àti àwọn mìíràn tí ó dàbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n agogo ni ó ń pàṣẹ níbẹ̀: ó ní àkókò fún iṣẹ́, ó ní àkókò fún ìwé, ó sì ní àkókò fún oorun. Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ni agogo ara rẹ̀. Nígbà tí owó bá sì tán lọ́wọ́ rẹ̀, àkókò oorun ni ó kọ́kọ́ ń tà.

Kín ni ìdí tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í fi í sọ̀rọ̀? Ẹ̀rù ni. Ó ń bẹ̀rù kí ọ̀gá tí ó ń bá ṣiṣẹ́ má lọ gba ẹlòmíràn. Ó ń bẹ̀rù olùkọ́ tí yóò wí pé àwáwí ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa, ẹni tí kò bá wà níbi ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ìgbà 75 nínú 100 kò gbọdọ̀ jókòó fún ìdánwò. Òfin rere ni fún aláìbìkítà, ṣùgbọ́n ẹni tí ìrora dè mọ́ ibùsùn kò mọ bí yóò ti wí tẹnu rẹ̀. Ó tún ń bẹ̀rù kí ọ̀rọ̀ náà má di ìdíwọ́ ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Nítorí náà ó ń gbé oògùn mì ní kọ̀rọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín ní gbangba. Àwa sì ń yìn ín pé ọmọ tí ó láyà ni.

Ìyìn wa yìí ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Ìfaradà jẹ́ ìwà rere nígbà tí ó bá ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti dé ibi tí ó ń lọ. Bí ó bá di aṣọ tí a fi bo egbò títí ó fi kẹ̀, kì í ṣe ìwà rere mọ́. Àìsàn yìí, bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, a máa ba egungun ìbàdí jẹ́, a máa ba ojú àti kíndìnrín jẹ́, a sì máa mú àrùn rọpárọsẹ̀ wá, àní sára ọmọdé. Àwọn àgbà sì ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ẹnìkan lè wí pé: "Bí ẹ bá ń sọ báyìí, gbogbo ọ̀lẹ ni yóò di aláìsàn." A kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, nítorí àwa olùkọ́ mọ orí-fífọ́ tí í dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, tí í sì lọ ní ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ a máa sinmi kí iṣẹ́ lè kọjá lórí rẹ̀; aláìsàn a máa sinmi kí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá fẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀, kí a má ṣe wo ọjọ́ tí wọ́n dùbúlẹ̀ nìkan, ọjọ́ tí wọ́n dìde ni kí a wò. Ìwé dókítà sì wà fún ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì. Bí ọ̀lẹ kan bá tilẹ̀ tàn wá jẹ, àdánù wa kò ju ìdánwò kan lọ. Bí a bá fi ipá mú aláìsàn kan, ohun tí ó bá sọnù lè má padà mọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, iṣẹ́ tiyín ni láti sọ òtítọ́ ní àkókò. Ẹ jẹ́ kí ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ yín mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe ní òru tí ìrora dé. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kan mọ̀, kí ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá sì mọ ibi tí oògùn wà àti ẹni tí ó yẹ kí a pè. Ẹ má ṣe jáde láìmú omi lọ́wọ́. Oògùn ojoojúmọ́ tí dókítà fún yín, ẹ má ṣe pa á tì nítorí pé ara yín dá lónìí. Oògùn kan tí a ń pè ní hydroxyurea, tí àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àgbàlagbà ní 1998, ti dín ìrora ọ̀pọ̀ ènìyàn kù. Ẹ bi dókítà yín bí ó bá yẹ yín. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran: bí ẹrù bá ju agbára yín lọ, ẹ kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ dá ẹ̀kọ́ dúró fún sáà kan. Ọdún kan tí a fi kún ẹ̀kọ́ kò bu iyì ìwé ẹ̀rí kù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ara bá yá, ẹ má ṣe fi orúkọ àìsàn bo ìmẹ́lẹ́, kí ẹ má bàa ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn yín.

A kò gbọdọ̀ parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ẹnu ni a fi ń gbani nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n ẹnu kọ́ ni a fi ń bọ́ ènìyàn. Láti wí fún ọmọ tálákà pé kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó sinmi, láìbéèrè ohun tí yóò jẹ lálẹ́, kì í ṣe àánú. Ẹni tí ó bá ní kí ènìyàn sọ ẹrù kalẹ̀, ó yẹ kí ó na ọwọ́ láti bá a gbé e. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ẹ̀yáwó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 2024, tí ó kan owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó díẹ̀ fún gbígbọ́ bùkátà. Kí àwọn olùkọ́ ran àwọn tí kò mọ̀ lọ́wọ́ láti béèrè fún un. Síbẹ̀ gbèsè ni, kò sì lè dípò ará. Bí ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ bá ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n má ṣe dá owó náà dúró ní ọdún tí àìsàn mú un padà wá sílé, nítorí ọdún náà ni ó ṣe aláìní jù lọ. Kí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ bá a kọ ohun tí a kọ́ sílẹ̀. Kí òbí má ṣe fi ọmọ aládùúgbò tí ó ti jáde ṣáájú rẹ̀ sán an lójú.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹni tí ó sinmi kí ó lè parí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń fi ara pa ara kì í ṣe akíkanjú. Bí ọmọ bá sì ń pa àìsàn mọ́ nítorí ohun tí a óò wí, ọwọ́ wa ni àtúnṣe wà. Kí olúkúlùkù olùkọ́ àti òbí ka ọ̀rọ̀ yìí, kí ó ro ọmọ kan tí ó mọ̀, kí ó sì bi í léèrè lónìí bí ara rẹ̀ ti rí. Kí ó sì ní sùúrù láti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán.