Ohun Tí A Dá Sí

Bí ènìyàn bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa, tí ó sì tún wo àwọn ẹranko inú igbó wọn, èwo nínú méjèèjì ni ó yẹ kí ó kà sí ogún? Ìbéèrè yìí ni mo gbé bọ̀ láti ìrìn àjò tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan rìn láti Àkúrẹ́ dé Òǹdó.

Ìdájí ni a kúrò ní Àkúrẹ́ tí a lọ gun òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn 667 ni ó gbé wa dé ìlú àtijọ́ tí ó wà lórí àpáta: ààfin Ọwá, ilé ẹ̀kọ́, àti kóòtù ọdún 1906. Ní nǹkan bí ọdún 1923 ni àwọn ará ìlú ṣí wá sí ìsàlẹ̀. Láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti dárúkọ òkè náà fún àjọ UNESCO gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀bọ mẹ́ta fò láti orí igi kan sí òmíràn. Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dùn, wọ́n hó yèè.

Lọ́sàn-án, a padà gba Àkúrẹ́, a sì kọrí sí Òǹdó. Nígbà tí a kọjá Ọ̀wẹnà, a rí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n so kọ́ lẹ́bàá títì: ọ̀yà, òkété, ẹtu, àti ọ̀bọ kan. Ẹnikẹ́ni kò hó. Èmi fúnra mi ni mo sọ̀kalẹ̀ lọ ra ẹtu fún àna mi tí a fẹ́ yà kí. “Bàbá, èyí nìkan ló kù,” ni obìnrin tí ń tà á wí fún mi.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn baba wa náà jẹ ẹran ìgbẹ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ń bẹ tí ó dè wọ́n lọ́wọ́. Ìdílé kan kì í jẹ irú ẹran kan. Igbó kan ń bẹ tí ọdẹ kì í yìnbọn níbẹ̀. Lónìí, èèwọ̀ ti rọ, ìbọn kò rọ. Oko kòkó àti iṣẹ́ agégẹdú sì ti jẹ igbó run. Ní ọdún 2009, ìwádìí kan kìlọ̀ pé ìnàkí ti sún mọ́ àtiparun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ògiri tí ó wó, a lè tún un mọ. Ẹ̀yà ẹranko tí ó bá parun, ta ni yóò tún un bí? N kò dá obìnrin náà lẹ́bi, nítorí oúnjẹ òòjọ́ ni ó ń wá. Èmi tí ebi kò pa ni ẹ̀bi tọ́ sí.

Ǹjẹ́ kí a dá gbogbo èèwọ̀ àtijọ́ padà bí? Ìtàn Òǹdó kò jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ìtàn náà wí pé èèwọ̀ ni ìbejì nígbà náà, ikú ni ó sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n dá wọn sí, wọ́n sì rán wọn lọ. Láti ara wọn ni Púpùpú ti wá, obìnrin tí ó di Òṣemàwé àkọ́kọ́. Àánú ni ó tẹ ìlú náà dó, kì í ṣe èèwọ̀. Èèwọ̀ tí ó dá ẹranko sí dára. Èyí tí ó fẹ́ pa ọmọ burú. Òṣùwọ̀n kan náà ni a fi ń wọn méjèèjì: ẹni tí ó lágbára àtipa, ǹjẹ́ ó dá sí?

Ẹdun ni àwa Yorùbá ń pe ìbejì, ẹdun kan náà tí ó jẹ́ ẹranko orí igi. Mo sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi níwájú ààfin Òṣemàwé. Wọ́n gbọ́, wọn kò fèsì. Ẹtu tí mo rà ṣì wà nínú ọkọ̀.