Wúrà Orí Káàdì: Ṣé Ẹwà Ni Tàbí Irọ́?



Láti Ganmọ títí dé Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́, agbára káká ni a fi lè rí ilé tí kò ní irú káàdì báyìí nínú àpótí tàbí lára ògiri: káàdì ìpè ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ, ti wòlímà, káàdì ìkíni ọdún Iléyá, tàbí èyí tí a fi owó ẹ̀bùn sí nínú kí a tó gbé e fún ìyàwó. Orúkọ tí a kọ sára rẹ̀ a máa dán yanran bí ẹni pé alágbẹ̀dẹ wúrà ni ó kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ sì ni yóò paṣẹ tirẹ̀ láìpẹ́, nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó bá dé.

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: wúrà tí kì í ṣe wúrà yìí, ṣé ẹwà lásán ni, àbí irọ́ ni? Bí ó bá jẹ́ irọ́, ta ni ó ń pa á: ẹni tí ó ṣe é, ẹni tí ó tà á, tàbí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́?

KÍ NI Ó Ń DÁN LÓRÍ KÁÀDÌ?

Kò yẹ kí a dájọ́ ohun tí a kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Wúrà gidi ṣeé lù ju gbogbo irin yòókù lọ. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń lù ú títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí ohun tí èémí lásán lè gbé lọ. Sísanra ewé wúrà kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 10,000 mìlímítà kan ṣoṣo lọ. Bí a bá tẹ́ ẹní tí ó gùn ní mítà kan tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan, wúrà gíráàmù kan péré lè bo nǹkan bí ìdajì rẹ̀.

Èyí tí ó wà lórí èyí tí ó pọ̀ jù nínú káàdì wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọn a fi ọ̀dà tí ó pọ́n bí òyìn kùn ún, wọn a sì gbé e sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti mú irin alumíníọ́mù gbóná títí yóò fi di oruku bí ti omi tí ń hó, oruku náà yóò sì balẹ̀ sára rọ́bà. Alumíníọ́mù yìí, irú èyí tí a fi ń rọ ìkòkò funfun tí ìyá wa fi ń se ìrẹsì, òun gan-an ni ó ń dán. Ọ̀dà ni ó sọ ọ́ di aláwọ̀ wúrà. Bí wọn kò bá fi àwọ̀ sí ọ̀dà, fàdákà ni ojú wa yóò sọ pé òun rí.

Ní ilé ìtẹ̀wé, wọn a gbẹ́ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sójú irin kan, wọn a mú irin náà gbóná, wọn a na rọ́bà yẹn sáàárín irin àti bébà, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ibi tí ojú irin bá kàn nìkan ni dídán náà yóò lẹ̀ mọ́, ìyókù yóò bá rọ́bà lọ. Ẹni tí ó bá dé Ṣómólù ní Èkó, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí bí eéran, yóò rí i pé iṣẹ́ ni, iṣẹ́ tí ó ń fẹ́ ọwọ́ àti ojú tí ó mọ́.

ṢÉ ÒNTẸ̀WÉ PARỌ́ BÍ?

Ohun tí ó jọ nǹkan mìíràn kò tíì di irọ́ nítorí pé ó jọ ọ́. Irọ́ ni ohun tí a ṣe tàbí tí a sọ kí ẹlòmíràn lè gba ohun tí kò sí gbọ́.

Ní ilẹ̀ Áṣáńtì ní Gánà, agbẹnusọ ọba a máa mú ọ̀pá oyè kan lọ́wọ́. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ọ̀pá yìí àti ère tí ó wà lórí rẹ̀, wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n sì fi bò ó. Gbogbo ìlú ni ó mọ̀ pé igi wà nínú rẹ̀. Wúrà òde ara rẹ̀ ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí fẹ́ sọ níyì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé wúrà ni ọ̀pá náà láti òkè dé ìdí. A kò lè pe èyí ní ẹ̀tàn.

Àwọn onímọ̀ fíkíhì pàápàá ti ronú sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ mọ̀ pé ó wà nínú hádíìsì pé wúrà jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn ọkùnrin láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára, ó sì tọ́ sí àwọn obìnrin. Ẹ sì mọ̀ pé a kọ̀ fún tọkùnrin tobìnrin láti jẹun tàbí mu omi nínú àwo wúrà àti ti fàdákà. Nígbà tí ó wá kan ohun tí a kàn fi omi wúrà pa lára, àwọn kan nínú wọn ní kí a bi iná léèrè: bí a bá fi í sínú iná, ṣé wúrà kan yóò yọ́ tí a lè kó jọ? Bí kò bá sí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn ju ti wúrà gidi lọ. Ẹ ju káàdì wa síná kí ẹ wò ó. Eérú bébà àti òórùn rọ́bà ni ẹ ó bá níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń bẹ̀rù pé òun fọwọ́ kan wúrà tí a kọ̀ fún ọkùnrin, kí ó fọkàn balẹ̀. Ohun tí ó kù tí a ó bi ara wa ni pé: kí ni a fi káàdì yìí sọ?

Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá lọ́dọ̀ ẹnì kan tí ó kó oúnjẹ jọ láti tà. Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ó sì bá ọ̀rinrin ní ìsàlẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ni kò jẹ́ kí ó kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí ó bá ń tan ènìyàn jẹ kò sí lára òun. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò bá òjò wí, kò sì sọ pé kí ọkùnrin náà má ta oúnjẹ tí ó tutù. Bíbò tí ó bo ọ̀rinrin mọ́lẹ̀ ni ó bá a wí sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti káàdì. Ẹni tí ó bá sọ fún oníbàárà pé aláwọ̀ wúrà ni, òwò ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń tẹ "24K" sára irú nǹkan báyìí, wọ́n sì ń gba owó wúrà lé e. Ìtumọ̀ 24K ni pé nínú ìpín 24, gbogbo rẹ̀ ni wúrà. Èyí tí ó jẹ́ 18K, ìpín 18 nínú 24 ni. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sára alumíníọ́mù, tí ó sì mọ ohun tí ó kọ, ti kó ọ̀rinrin sí ìsàlẹ̀ òkìtì.

Ẹ kò níláti lọ jìnnà kí ẹ tó rí àpẹẹrẹ. Ní Ìlọrin tí ó wà nítòsí wa, àwọn baba ńlá ibẹ̀ a máa fi òkúta pupa ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántànà. Wọn a gé e, wọn a lu ú, wọn a sì máa fi ọwọ́ ha á títí yóò fi dán. Lónìí, ìlẹ̀kẹ̀ rọ́bà tí ó pupa wà lọ́jà. Ẹni tí ó ta rọ́bà bí rọ́bà, oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ta á bí òkúta, olè ni ó jà.

ẸNI TÍ Ó FI RÁNṢẸ́ ŃKỌ́?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Òǹtẹ̀wé lè sọ òótọ́, kí oníbàárà sì fi káàdì kan náà parọ́. Kò ní parọ́ pé wúrà ni, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe wúrà. Irú ẹni tí òun jẹ́ ni yóò parọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti fi káàdì tí ó wà nínú páálí oní-fẹ́lífẹ́ẹ̀tì pe ènìyàn, òun náà kò sì fẹ́ kí ti òun kéré. Ó yá owó. Káàdì dé, ó dán, ó sì wuyì. Ọ̀kan nínú rẹ̀ dé ọwọ́ ìyá kan ní abúlé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí ó ń din gààrí, tí ó pọ̀n ọ́n nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Ìyá náà yí káàdì síwá sẹ́yìn. Ó wo owó tí ó dì sí eteetí aṣọ, ó sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀bùn òun kò yẹ irú òde báyìí. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, wọn kò rí i. Káàdì tí ó yẹ kí ó pè é ni ó lé e padà. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹni tí ó yá ọkọ lówó kan ilẹ̀kùn, ìyàwó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ irú ilé tí òun wọ̀. Ta ni ó jèrè nínú gbogbo èyí?

Ẹ rántí Mansa Musa, ọba Málì. Ní ọdún 1324, ó gba Káírò kọjá lọ sí Hájì. Wúrà tí ó fi tọrẹ ní ìlú náà pọ̀ débi pé iye wúrà já wálẹ̀. Al-Umari, tí ó dé Káírò ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé mítíkálì kan, tí kì í wálẹ̀ ju dírámù 25 lọ tẹ́lẹ̀, kò kọjá 22 mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba yìí ń padà bọ̀, ṣe ni ó ń yá owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Káírò. Wúrà tirẹ̀ kì í ṣe ayédèrú, ọrẹ rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀tàn, síbẹ̀ àìmọ ìwọ̀n kó o sí gbèsè. Bí wúrà gidi bá lè ṣe ọba báyìí, kí ni alumíníọ́mù yóò ṣe fún ọmọ tálákà? Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

"ṢÙGBỌ́N ỌLỌ́HUN FẸ́RÀN ẸWÀ"

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò dáhùn báyìí, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ànábì ń kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn nípa ìgbéraga. Ọkùnrin kan wá bi í nípa ẹni tí ó fẹ́ kí aṣọ òun àti bàtà òun dára. Ànábì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìgbéraga, nítorí Ọlọ́hun fẹ́ràn ẹwà. Ó wá ṣàlàyé ohun tí ìgbéraga jẹ́: kí ènìyàn kọ òtítọ́, kí ó sì máa fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn ẹlòmíràn.

Òṣùwọ̀n méjì ni ó fi lé wa lọ́wọ́ yìí, méjèèjì sì bá káàdì wa mu. Èkíní: ǹjẹ́ òtítọ́ ni káàdì yìí ń sọ nípa èmi àti àpò mi? Èkejì: ǹjẹ́ yóò jẹ́ kí ẹnì kan rò pé òun kò tó ènìyàn? Bí káàdì bá yege nínú méjèèjì, kí ó máa dán bí ó ti wù ú. Bí ó bá kùnà nínú ọ̀kan, bí a tilẹ̀ fi yíǹkì dúdú lásán kọ ọ́ sórí bébà ìwé àjákọ, ìgbéraga ti wà níbẹ̀.

Ànábì kan náà ni ó gbà wá níyànjú pé kí a máa fún ara wa ní ẹ̀bùn kí ìfẹ́ lè wà láàárín wa. Òun náà ni ó kìlọ̀ fún àwọn obìnrin pé kí aládùúgbò má ṣe fojú kéré ẹ̀bùn aládùúgbò rẹ̀, kódà kí ó jẹ́ pátákò àgùntàn. Pátákò àgùntàn kì í dán, ṣùgbọ́n ó ń wọ ìkòkò ọbẹ̀.

OHUN TÍ ÓKÙ FÚN WA LÁTI ṢE

Ìwọ tí ò ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, iṣẹ́ rẹ dára, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í dójú tì ọ́. Sọ fún oníbàárà pé aláwọ̀ wúrà ni. Bí o bá rí i pé ohun tí ó ń béèrè ju agbára rẹ̀ lọ, fi èyí tí owó rẹ̀ kéré hàn án pẹ̀lú: orúkọ méjèèjì nìkan lè dán, kí a fi yíǹkì lásán tẹ ìyókù. Èrè rẹ lè dín lónìí, ṣùgbọ́n òun ni yóò mú àbúrò rẹ̀ wá bá ọ lọ́la.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbéyàwó, ẹ jọ jókòó, ọkọ àti ìyàwó, kí ẹ tó paṣẹ káàdì. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mọ iye tí ó wà lọ́wọ́. Ìgbéyàwó tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òtítọ́ lórí owó káàdì kò ní í ṣòro láti sọ òtítọ́ lórí owó ọbẹ̀. Ní ti àwọn àgbà tí wọ́n pọ̀n yín, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn lọ pè wọ́n, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ dọ̀bálẹ̀. Kò sí káàdì tí ó lè ṣe ìyẹn fún yín.

Ẹ̀yin tí wọ́n sì fi káàdì ránṣẹ́ sí, bí kò bá dán, ẹ má ṣe ka ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí aláìní. Ojú tí a fi ń wo káàdì ọmọlàkejì ni ó ń ti àwọn ọ̀dọ́ kan sínú gbèsè.

Kí Ọlọ́hun fi òdodo ṣe ọ̀ṣọ́ wa, kí ó sì bù sí ìwọ̀nba tí ó wà lọ́wọ́ wa. Àmín.