Ilé Méjì

Ìbéèrè kan wà tí àwa tí a ti dàgbà kì í fẹ́ kí àwọn ọmọ wa bi wá, àwọn ọmọ pẹ̀lú kì í sì í fẹ́ béèrè rẹ̀, nítorí pé kò sí ìdáhùn kan tí kò ní dun ẹnì kan nínú wa. Ìbéèrè náà ni èyí: ta ni ó ni ọjọ́ alẹ́ àgbà? Ṣé àgbà fúnra rẹ̀ ni ó ni ín, tí ó fi lè gbé e lọ sí ibi tí ó bá wù ú? Tàbí ti àwọn ọmọ ni, àti ti ẹbí, àti ti ìlú tí ó tọ́ ọ dàgbà, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ṣí lọ sí ibòmíràn, ó jẹ wọ́n ní gbèsè? Ó pẹ́ tí mo ti rò pé mo mọ ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ni mo rí tọkọtaya kan tí wọ́n gbé ilé wọn lé orí táyà, ìmọ̀ mi sì mì.

Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni mo lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi ní Duluth, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà. Etí adágún Superior ni ìlú náà wà, òtútù ibẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu sọ. Àwọn arúgbó méjì ni wọ́n ń gbé ní òdìkejì òpópó sí ọmọ mi. Ọkọ ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì ní èbúté tí a ti ń da òkúta irin sínú ọkọ̀ ojú omi. Aya jẹ́ olùkọ́, ó sì ti kọ́ni fún ọdún 31 ní ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Nítorí iṣẹ́ tí ó pa èmi àti ìyá yìí pọ̀, a tètè mọ ara wa. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ni ọkọ̀ ńlá kan dúró sí, ó gùn bí bọ́ọ̀sì akérò. Bàbá náà mú mi wọ inú rẹ̀. Mo bá ibùsùn níbẹ̀, àti ibi ìdáná onígáàsì, àti fíríìjì, àti ilé ìwẹ̀ tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ògiri kan nínú ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún síta títí pálọ̀ fi gbòòrò sí i. Ẹnu yà mí, ṣùgbọ́n n kò yìn ín.

Àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú àwọn arúgbó bẹ́ẹ̀ ní ẹyẹ òjò-dídì, nítorí pé bí òtútù bá ti ń bọ̀, wọ́n á ṣí lọ sí gúúsù, bí ó bá sì ti lọ tán, wọ́n á padà. Àwa pẹ̀lú mọ irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni lékèélékèé máa ń dé ọ̀dọ̀ wa láti ìhà òkè, tí àwọn ọmọdé á máa na ọwọ́ sí i pé kí ó fún àwọn ní èékánná funfun. Bí òjò bá sì dé, a kì í rí i mọ́. N kò tíì gbọ́ rí kí ẹnikẹ́ni bú lékèélékèé pé kò ní ilé.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi pa ilé náà mọ́. Wọ́n ti ẹ̀rọ omi, wọ́n sì fa gbogbo omi inú páìpù dànù, nítorí pé bí omi bá dì, a máa wú, a sì máa bẹ́ páìpù. Nínú páìpù ọkọ̀ náà, oje aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kan tí kì í tètè dì ni wọ́n dà sí i. Inú ike ni wọ́n pọn omi mímu sí títí wọn yóò fi dé ibi tí ooru wà. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé ọmọ mi lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kọkànlá, wọ́n lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ ni a ń pè ní Interstate 35. Duluth gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ní Laredo ní ẹnu ààlà Mexico. Ó wà lára àwọn ọ̀nà ńlá tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin ọdún 1956 dá sílẹ̀, nígbà tí Eisenhower jẹ́ Ààrẹ. Wọ́n á la Minneapolis kọjá, àti Des Moines, àti Kansas City, àti Oklahoma City, títí wọn yóò fi dé San Antonio. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti yà sí gúúsù lọ sí ìlú kan tí ń jẹ́ Mission, nítòsí odò Rio Grande. Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Kátólíìkì ni orúkọ ìlú náà ti wá, nítorí ilé ìsìn wọn kékeré tí a ń pè ní La Lomita. Ọsàn gíréèpù ni ilẹ̀ ibẹ̀ sì lókìkí fún. Ìrìn náà ju 1,500 máìlì lọ, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì láti Èkó dé Kánò. Bàbá náà sọ fún mi pé gálọ́ọ̀nù epo kan kì í gbé àwọn kọjá máìlì mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, àti pé àwọn kì í rìn lálẹ́. Ọjọ́ méje ni wọ́n ń lò. Nígbà tí omi bá ń di òkúta ní Duluth, ọsàn ni wọ́n ń já ní Mission.

Èmi dá wọn lẹ́bi, mo sì sọ ọ́ jáde lórí tábìlì oúnjẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní àgbà kì í sá kúrò ní ìdí ọmọ. Mo rántí Barsillai ará Gileadi, ẹni ọgọ́rin ọdún, tí Dafidi ọba pè wá sí Jerusalẹmu kí ó wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí arúgbó náà bẹ ọba pé kí ó jẹ́ kí òun padà lọ kú ní ìlú òun, lẹ́bàá ibojì bàbá àti ìyá òun. Mo ní èyíinì ni àgbà. Ọmọ mi dáhùn pé, “Bàbá, Jakọbu ńkọ́?” N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹni 130 ọdún ni Jakọbu nígbà tí ó dúró níwájú Farao, kẹ̀kẹ́-ẹrù tí a rán láti Egipti ni ó sì gùn dé ibẹ̀. Nígbà tí mo máa fi dáhùn, mo ní ẹ̀bá ọmọ rẹ̀ ni Jakọbu ń lọ, kì í ṣe pé ó ń sá fún un; bẹ́ẹ̀ sì ni ó mú kí Josẹfu búra pé Kenaani ni a ó sin òun sí. Ọmọ mi dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Bàbá Àgbà kò ṣí kúrò níbì kan rí títí wọ́n fi kú. Ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́dún ni ẹ ń lọ wò wọ́n?”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ọjọ́ Kérésìmesì àti ọjọ́ Àjíǹde. Bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ bí Barsillai, gbogbo ènìyàn sì ń yìn ín pé kò fi ilé sílẹ̀. Èmi tí mo yẹ kí n wà níbẹ̀ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìlú tí kò ju ogójì máìlì lọ sí i.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ṣé àwa Yorùbá kò ní ilé méjì rí ni? Ẹ wo àwọn bàbá wa ní Ìbàdàn. Oko etílé wà, oko ẹgàn sì wà, ẹni tí oko rẹ̀ bá sì jìnnà a máa gbé inú abà fún oṣù púpọ̀, a máa bímọ síbẹ̀, a sì máa sin adìẹ síbẹ̀. Síbẹ̀ bí a bá bi í ní ilé rẹ̀, orúkọ agbo ilé rẹ̀ ní ìgboro ni yóò dá. Ibẹ̀ ni yóò wá bí ọdún bá dé, ibẹ̀ ni a ó sì gbé òkú rẹ̀ wá. Ilé méjì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀: Ọlọ́run tìkára rẹ̀ yin àwọn ọmọ Rekabu tí bàbá wọn pàṣẹ fún pé kí wọ́n má kọ́lé, kí wọ́n máa gbé inú àgọ́. Ṣùgbọ́n oko ni bàbá wa lọ, iṣẹ́ ni ó gbé e lọ. Ìsinmi nìkan ni ó gbé àwọn ará Duluth lọ, àbí?

Mo rò bẹ́ẹ̀ títí mo fi mọ ohun tí ó sọ wọ́n di òmìnira. Ní ọdún 1935 ni Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí òfin owó àgbà ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kíní ọdún 1940 ni obìnrin kan ní Vermont, Ida May Fuller, sì kọ́kọ́ gba ti oṣù: dọ́là 22 àti sẹ́ǹtì 54. Láti ìgbà náà ni àgbà tí ó ti ṣiṣẹ́ ti lè jẹun láìdúró de ọwọ́ ọmọ. Ire ńlá ni, n kò ní purọ́. Èmi tí mo ti tò sórí ìlà owó ìfẹ̀yìntì nínú oòrùn, tí mo sì padà lọ́wọ́ òfo, kò lè bú u. Ṣùgbọ́n okùn tí ebi fi ń so àgbà mọ́ ọmọ ti já níbẹ̀. Bí àgbà kò bá nílò ọmọ fún oúnjẹ mọ́, kí ni ó kù tí yóò so wọ́n pọ̀? Ìfẹ́ nìkan ni, ìfẹ́ sì máa ń sun oorun bí ohunkóhun kò bá jí i.

Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni èmi àti ọmọ mi ń ṣí ilé náà wò. Ní ìparí oṣù Kíní ọdún 2019, òtútù kan dé tí ó lọ ju ìwọ̀n 30 lọ sísàlẹ̀ òfo, a sì lọ wò bóyá ògiri kò sán. Nínú ilé ìdáná, mo rí àmì lẹ́ẹ̀dì lára férémù ilẹ̀kùn, ọ̀kan lórí èkejì, pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún: gíga àwọn ọmọ wọn méjì láti kékeré. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń gbé ní Seattle, ọ̀kan ní Minneapolis. Ní gbogbo ìgbà òtútù náà, n kò rí ọ̀kan nínú wọn kí ó wá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ilé náà. Nígbà náà ni ó yé mi pé kì í ṣe àwọn òbí ni wọ́n kọ́kọ́ lọ.

Ní àárín oṣù Kẹrin wọ́n padà dé. Mo wò wọ́n bí wọ́n ti ń fi ẹ̀yìn wọ àyè ọkọ̀ náà. Ìyá dúró lẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ júwe. Bàbá ń wo dígí. Wọn kò pariwo. Ìyá náà sọ fún mi nígbà tí ó yá pé ìgbà òtútù márùn-ún ni ó gbà kí àwọn tó lè ṣe é láìjà, àti pé ní inú ilé tí ẹni méjì kò lè kọjá ara wọn láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó, ènìyàn á mọ ohun tí ó ti fi pamọ́ fún aya tàbí ọkọ rẹ̀ fún ogójì ọdún.

Mo bi í ní ohun tí ó wà lọ́kàn mi láìfi bò: bí ọ̀kan nínú wọn bá kú lọ́hùn-ún ńkọ́? Kò bínú. Ó ní ẹnì kan kú ní àgbàlá wọn ní oṣù Kejì, ọkùnrin kan tí ó dá nìkan wà, ará Iowa, àti pé kò ju wákàtí kan lọ tí wọ́n fi mọ̀. Ó ní àwọn ní àdéhùn kan níbẹ̀: bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ bá lù, kí olúkúlùkù ti fa aṣọ fèrèsé rẹ̀ sápá kan. Ẹni tí a bá rí fèrèsé rẹ̀ ní pípadé, ẹni tí ó wà nítòsí yóò lọ kan ilẹ̀kùn. “Ní Duluth níhìn-ín,” ni ó wí, “bí a bá ṣubú lórí yìnyín, ọmọ wa yóò gbọ́ ní ọjọ́ Sunday, nígbà tí ó bá tẹ̀ wá láago.” Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, ó sì bi mí pé, “Ìwọ ńkọ́? Nígbà tí o wà lọ́dọ̀ wa yìí, ta ni ń wo fèrèsé àwọn tí o fi sílẹ̀ nílé?”

Mo padà sílé ní ìparí oṣù náà. Olùkọ́ kan tí a jọ kọ́ni rí ń gbé ní ìkángun àdúgbò wa. Ilé alájà méjì ni àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́ fún un láti òkè òkun, ó ní yàrá mẹ́jọ, òun nìkan ni ó sì wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí aya rẹ̀ ti kú. Kí n tó rin ìrìn-àjò, mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, mo sì máa ń sọ nínú ara mi pé, ẹ wo bí Ọlọ́run ti gbé ọkùnrin yìí ga. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo wo fèrèsé rẹ̀. Ó ti ju aago mẹ́jọ lọ, a kò tíì ṣí i. Mo kan ilẹ̀kùn.

Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Orúnkún ni ó ń dà á láàmú. Ó dì mí mú, ó sì bi mí pé kí ni ó ṣẹlẹ̀, ta ni ó kú, nítorí kò sí ẹni tí í kan ilẹ̀kùn òun ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.