*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: TA LÓ DÍ PÁÌPÙ?*

  

*Bíbélì kíkà:* Àwọn Ọba Kejì 2:19-22, Mátíù 7:3-5

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí ẹ tó jáde. Bí wàhálà kan bá ń lọ tó ń bọ̀, tí ẹ gbàdúrà sí i tó lọ, tó tún padà wá, ta ló ń dá a padà?

Kì í ṣe orí àga ìwàásù ni mo ti rí ìbéèrè yìí o. Síńkì ilé ìdáná wa ló kọ́ mi. Ó tó oṣù mẹ́rin tí síńkì yẹn fi ń yọ wá lẹ́nu. Bí a bá fọ abọ́ tán, omi á dúró bí adágún, ọ̀rá á léfòó lórí rẹ̀, òórùn á gba gbogbo ilé. Mo ra kọ́sítíìkì sódà, mo dà á sí i, ó hó, omi lọ. Mo yin Olúwa. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún dí. Mo da omi gbígbóná sí i. Ó lọ, ó tún dí. Mo fi wáyà gún un. Ó lọ. Ẹ̀yin náà ti mọ ìyókù.

Màmá alákàrà kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Páìpù tiwọn àti tiwa pàdé lẹ́yìn ilé kí wọ́n tó lọ sí sókàwéè. Ẹ̀yin ará, mi ò ṣe ìwádìí kankan tí mo fi dá ẹjọ́. Ta ló ń lo òróró jù nínú ọgbà yìí? Ṣebí alákàrà ni! Níbi ìpàdé àwa ayálégbé, mo dìde, mo ní kí àwọn tó ń fi òróró ṣòwò rántí pé àwọn nìkan kọ́ ló ń gbé inú ilé. Mi ò dárúkọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí mò ń bá wí. Màmá ò fèsì. Wọ́n kàn sorí kọ́. Láti ọjọ́ náà, àkàrà tí wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ mi láràárọ̀ Sátidé dáwọ́ dúró.

Nígbà tó sú mi, mo pe púlọ́ńbà. Ọkùnrin náà ò da nǹkan kan sí síńkì. Ẹ̀yìn ilé ló gbà lọ, ó ṣí ibi tí páìpù méjèèjì ti pàdé. Omi ti Màmá ń ṣàn geerege. Inú páìpù tiwa ló ti dí, kó tó dé ibi ìpàdé rárá. Ó gé e. Epo pupa tó ti dì gbagidi ló wà níbẹ̀, tòun ti ìrẹsì, egungun ẹja àti yanrìn tí a fi ń ha ìdí ìkòkò.

Ó bi mí pé, "Ajíhìnrere, níbo lẹ máa ń da epo ìsàlẹ̀ ìkòkò sí?"

Ẹnu mi wọhò. Èmi ni mo máa ń fọ abọ́ alẹ́ nínú ilé wa. Èmi fúnra mi ni.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá gbọ́ pé Màmá kì í da òróró nù rárá. Wọ́n máa ń sẹ́ ẹ sínú kẹ́ẹ̀gì ni. Lójú alákàrà, òróró, owó ni.

Púlọ́ńbà ṣàlàyé fún mi. Epo gbígbóná máa ń ṣàn bí omi, ṣùgbọ́n tó bá dé inú páìpù tó tutù, á dì mọ́ ọn lára. Ti òní á lẹ̀ mọ́ ti àná, ìrẹsì á wá há sí i. Kọ́sítíìkì sódà tí mò ń dà, tó lè bó èèyàn lọ́wọ́ tàbí kó fọ́ ọ lójú, ihò kékeré ló ń lu gba àárín ọ̀rá náà. Omi á ráyè kọjá, èmi á rò pé ó ti tán. Èyí tó wà lára páìpù ò lọ síbì kankan. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ẹ jẹ́ ká rò ó pọ̀. Ọjọ́ wo gan-an ni mo dí páìpù yẹn? Kò sí ọjọ́ kan tí mo lè tọ́ka sí. Epo tí mo dà lálẹ́ kan ṣoṣo ò lè dí páìpù. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí ẹ̀rí ọkàn mi fi sùn. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé, "Ìwọ̀nba yìí náà ni." Díẹ̀díẹ̀ sì ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwa ará Ìbàdàn ò lè gbàgbé Omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980. Òjò ló rọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí a ti dà sójú odò wà lára ohun tó dí omi lọ́nà. Ta ló dí odò? Kò sí ẹnì kan, gbogbo wa sì ni. Nítorí náà, ẹ má fi ìwọ̀n ti òní nìkan díwọ̀n ẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ kékeré òní, ọ̀rọ̀ burúkú kékeré sí ìyàwó tàbí ọkọ, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ti àná ni.

Ẹ wo Èlíṣà ní Jẹ́ríkò. Omi ìlú náà ò dára. Kò lọ máa da iyọ̀ sínú ìkòkò omi kọ̀ọ̀kan. Orísun omi ló lọ bá, ibẹ̀ ló da iyọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ìkòkò la ń tọ́jú. A ó sunkún lọ́jọ́ Ìsinmi, ọkàn wa á fúyẹ́, tó bá di ọjọ́ Ajé a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í da epo. Kí Ọlọ́run dárí jì mí bí mo bá ṣì í sọ, ṣùgbọ́n àdúrà pàápàá lè di kọ́sítíìkì sódà lọ́wọ́ wa. Oore-ọ̀fẹ́ ń ṣí páìpù, lóòótọ́. Ó tún ń kọ́ni bí a ṣe ń yí ọwọ́ padà.

Ẹ gbọ́ èyí náà o. Kì í ṣe gbogbo páìpù tó ń dí ni ẹlẹ́bi rẹ̀ ń gbé inú ilé. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó kọ́lé ni kò jẹ́ kí páìpù dagẹ̀rẹ̀ tó. Bí ẹ bá rí ẹni tí ìṣòro rẹ̀ kò tán, ẹ má sáré dá a lẹ́jọ́ bí èmi ti ṣe. Ẹ kọ́kọ́ ṣí tiyín wò.

Mo fẹ́ lọ bẹ Màmá ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi bi mí pé, níbo lo ti dójú tì wọ́n? Níbi ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo ayálégbé, mo sọ pé èmi ni mo dí páìpù. Màmá ní, "Dìde, ọmọ mi. Mo ti dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ yẹn." Mo ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà létí mi.

Báyìí, bébà la fi ń nu ìkòkò ká tó fọ̀ ọ́, agolo la ń da epo sí, asẹ́ kékeré sì wà lẹ́nu síńkì. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Omi ń lọ.

*Ohun tí a ó ṣe lónìí:* Ẹ mú wàhálà kan tó ń padà wá. Ẹ béèrè pé, kí ni mò ń dà sí i lójoojúmọ́? Bí ẹ bá ti di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíràn, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ níbi tí ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́.

*Àdúrà:* Baba, fi orísun ìṣòro mi hàn mí. Bí ọwọ́ mi bá wà ńbẹ̀, fún mi ní okun láti jẹ́wọ́ àti láti yípadà. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire o.