Ọ̀pá Ìrìn Mi Ló Gbé Òrùlé Dúró



Orúnkún ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Glasgow, ìdúró ọ̀sán, ìdúró òru, orúnkún sì ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan nínú ìjọ wa, tó ti pẹ́ nídìí ìrìn orí òkè, ló ní kí n máa bá òun jáde, kí n sì máa fi ọ̀pá méjì ti ara mi, pàápàá bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í tù mí.

Nígbà tí a fẹ́ rin West Highland Way, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gbéra ní Milngavie tó sì parí sí Fort William, máìlì 96, Ẹ̀gbọ́n wá tú ẹrù mi wò. Wọ́n gbé àgọ́ mi, wọ́n mirí. Àgọ́ náà tó kílò mẹ́ta. "Àbúrò mi, ọ̀pá méjì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ. Kí lo tún ń pọn òmíràn sẹ́yìn fún?" Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò pé kílò kan: aṣọ pọlísítà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi sílíkóònù pa lára, okùn àti èèkàn, ó tán; ọ̀pá ìrìn mi méjèèjì ni yóò jẹ́ òpó rẹ̀.

Ọkọ mi fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé abẹ́ aṣọ lásán lẹ fẹ́ kí ìyàwó mi lọ sùn ni?" Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé Emma Gatewood, ìyá àgbà ẹni ọdún 67 tó dá nìkan rin Appalachian Trail ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1955, aṣọ ìbòjú balùwẹ̀ ló gbé dípò àgọ́.

Etí Rannoch Moor ni ìjì ti bá wa. Àbàtà gbalasa ni ibẹ̀, kò sí igi tí ènìyàn lè sá sí abẹ́ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n ti kọ ẹ̀yìn àgọ́ sí atẹ́gùn, wọ́n dín gíga ọ̀pá kù kúrò ní bíi sẹ̀ǹtímítà 120, wọ́n sì gbé òkúta lé èèkàn kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ̀ mí, mo rò pé àṣejù ni. Lóru, òjò ń ti ẹ̀gbẹ́ wá bí ẹni ń da garawa. Òpó àgọ́ àwọn ọ̀dọ́ méjì tó wà nítòsí wa, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kọrodo, kán, ó sì gún aṣọ ya. Wọ́n rá wọ inú tiwa. Àwa mẹ́rin jókòó lẹ́yìn ọ̀pá méjì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀pá náà gbọ̀n, kò yẹ̀. Olúwa ló ṣe é, àmọ́ ó nídìí. Òpó àgọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kì í sábà ju mìlímítà 9 lọ ní ìbú; ọ̀pá ìrìn a máa tó 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó sì ń dúró ṣánṣán, láti orí dé ìdí ni ẹrù fi ń tẹ̀ ẹ́. Èèkàn ló ń ṣe iṣẹ́ tó kù. Bí èèkàn bá yọ, kò sí àgọ́ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn o. Ẹni tó bá fẹ́ fi àgọ́ sílẹ̀ lọ gun òkè kò ní rí ọ̀pá mú dání. Ọ̀pá kábọ́ọ̀nù fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó lè kán lójijì. Ti alumíníọ̀mù sábà máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Ti alumíníọ̀mù lèmi ń lò.

Lọ́jọ́ kejì a gun Devil's Staircase, “Àtẹ̀gùn Èṣù”, ibi tó ga jù lójú ọ̀nà náà. Mo pe orúkọ Jésù sí i kí n tó gbé ẹsẹ̀. Láti ibẹ̀ sọ̀ dé Kinlochleven gùn, òkúta ló kún un, orúnkún mi kò ráhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bá wa lọ, òfin Scotland ti ọdún 2003 fún ẹlẹ́sẹ̀ láyè láti pàgọ́, bí kò bá ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹsàn-án, ẹ gba ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó pàgọ́ sí apá ìlà-oòrùn adágún Loch Lomond. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀pá yín pàgọ́ nínú ọgbà ilé lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀.